Ọjọ́ Tí Ìka-Wúrà Wọ Ìbọ̀wọ́

Ẹ bá mi kí ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ẹ má kí i bí ẹni ń kí èèyàn lásán, inú á bí i. Ẹ kí i báyìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà! Olórí Láàbù! Baba Ààbò! Òǹkọ̀wé Ìlànà Mẹ́tàlélógún! A-kọ́-aráyé-ní-ìmọ́tótó! Bí ẹ bá kí i tán tí kò dáhùn, ẹ má bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Òrùka wúrà kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ìdérí ìgò. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní òkèèrè ló fi dá òun lọ́lá. N kò bá a jiyàn. Àmọ́ èmi ni mo gba páálí òrùka náà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá. Rìsíìtì wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó rà á àti orúkọ ẹni tí wọ́n dá lọ́lá sì jẹ́ ọ̀kan náà. Láti ọdún mẹ́ta tó ti fi bọ ìka, kò bọ́ ọ rí, ìka náà sì ti sanra yí i ká. Ìdí nìyẹn tí àwa tí à ń bá a ṣiṣẹ́ fi ń pè é ní Ìka-Wúrà, tó bá ti kẹ́yìn sí wa.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Bàbá Sítóò. Ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọṣẹ, ìgò òfìfo, gbogbo rẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ló ń gbà wọlé. Ọ̀gá lè purọ́ fún gbogbo ayé, kò lè purọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú sítóò.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Omi ìdọ̀tí tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń ní májèlé irin nínú. Èyí tí à ń bá jà ni mákúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, tó sì ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ẹni tó bá ń fa oru rẹ̀ símú, díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ á máa sá mọ́ ọn lórí. A wá ní àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín kan tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ti tún ìṣẹ̀dá wọn ṣe kí wọ́n lè máa fa mákúrì kúrò nínú omi. Yàrá inú là ń sìn wọ́n sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn méjì. Kòkòrò kò gbọdọ̀ jáde, mákúrì kò gbọdọ̀ jáde. Gbogbo òfin wa kò ju ìyẹn lọ.

Nínú yàrá inú yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, lókè síńkì tí à ń fọwọ́ sí, ni Ìka-Wúrà lẹ Ìlànà Kìíní mọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà: “Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ kọjá ilẹ̀kùn yìí. Bọ́ ọ, kí o fọ ọwọ́ rẹ, kí o tó jáde.” Òfin gidi ni o. Ìbọ̀wọ́ tó ti kan májèlé nínú, tó bá tún lọ kan ọwọ́ ilẹ̀kùn níta, ó ti gbé májèlé fún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìyẹn.

Lókè òfin náà ni àwòrán ọ̀gá wà, ó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun. Ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, òrùka ń kọ mànà. Kò sí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ nínú àwòrán náà, torí wọn kì í rí òrùka nínú ìbọ̀wọ́.

Owó ìbọ̀wọ́ ọdún náà ló fi ya àwòrán ọ̀hún. Nígbà tí ìbọ̀wọ́ tán ní sítóò tí mo lọ sọ fún un, ó ronú bí àgbà, ó ní, “Ẹ máa fọ ọ́.”

“Kí la máa fọ, sà?”

“Ìbọ̀wọ́. Ẹ fọ ọ́, ẹ sá a. Ṣé ẹ kì í fọ ṣòkòtò yín ni?”

Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe kí èèyàn lò lẹ́ẹ̀kan kó jù ú nù! A ta okùn láti ògiri dé ògiri nínú yàrá inú, a fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ wọn. Òmíràn ti lu ní àtàǹpàkò, òmíràn kò ní ju ìka mẹ́rin lọ mọ́. Bí fáànù bá ti fẹ́, gbogbo wọn á máa juwọ́ sí àwòrán ọ̀gá, bí ẹni ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú àwọn.

Ìka-Wúrà fúnra rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́. “Ìbọ̀wọ́,” ló máa ń wí, “ti ẹni tí iṣẹ́ kò tíì mọ́ lára ni.”

Obìnrin tó ń sin àwọn kòkòrò náà là ń pè ní Ìyá Kòkòrò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, oyún oṣù karùn-ún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í tìtorí ojú ọ̀gá gba ìgbàkugbà. Òun nìkan ló láyà láti sọ fún Ìka-Wúrà lójú wa pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bọ́ òrùka yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìgò yìí. Wúrà àti mákúrì kì í bára gbé. Tó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, á jẹ ẹ́, á di funfun.”

“Wúrà tèmi?” Ìka-Wúrà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. “Wúrà tèmi kì í ṣe wúrà tí nǹkan ń jẹ.”

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn olùbẹ̀wò ààbò dé. Bí ìbẹ̀wò bá lọ dáadáa, wọ́n á yan Olórí Ààbò fún gbogbo láàbù tó wà ní sàkáání wa: ọ́fíìsì ńlá, mọ́tò ńlá, àwòrán ńlá. Ìka-Wúrà ti rán aṣọ sílẹ̀.

Ohun tó kù tó ń bí i nínú ni àwọn ìgò ìdọ̀tí mákúrì tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí a dé pinpin, tí a kọ ewu sí lára, tí à ń retí àwọn tó máa wá kó wọn. Ó ní wọ́n ń ba ẹwà yàrá jẹ́. A sì ní ìkòkò irin ńlá kan tó ń fi ooru pa kòkòrò. Ohunkóhun tó bá ti kan kòkòrò, inú ìkòkò yẹn ló ń gbà jáde. Ìka-Wúrà na ìka sí àwọn ìgò, ó na ìka sí ìkòkò.

“Da gbogbo wọn sínú ìkòkò, kó o sè wọ́n. Ohun tó bá kú, ó kú nìyẹn.”

Ìyá Kòkòrò ní, “Sà, mákúrì ò ní kú. Oru ló máa dà. Gbogbo wa la máa fà á símú. Ẹ sì wo bí mo ṣe wà.”

“Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná!”

“Ìdí ìkòkò lòwe yẹn wí, sà. Kò dárúkọ ọmọ inú.”

“Ta ló kọ ìwé ààbò tí gbogbo láàbù ń lò? Èmi àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà,” ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. “Èmi ni mo kà á.”

Kò sè é. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìka-Wúrà ti ń wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, ẹni tó bá sì ń wá ẹ̀sùn kì í pẹ́ rí i, pàápàá tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi í pamọ́.

Ìgò kékeré kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń tì, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Mákúrì tí àwọn kòkòrò náà ti fà jọ fún oṣù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rí iṣẹ́ wa nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà tó lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yìí, ọ̀kan lọ́wọ́ Ìyá Kòkòrò, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìgò kún. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti di ààbọ̀.

Ìka-Wúrà kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ kan tó kì bọ àpò kóòtù rẹ̀ báyìí, kò yọ ọ́, ó fi ọwọ́ kejì na ìka sí obìnrin náà. “Ìwọ lo dà á sílẹ̀!” Ó ní òun máa kọ lẹ́tà ìléniṣẹ́, òun sì máa kà á lójú àwọn olùbẹ̀wò ní ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé Baba Ààbò kì í fi ààbò ṣeré.

Ìyá Kòkòrò wá bá mi ní sítóò, ó jókòó lórí páálí ọṣẹ.

“Bàbá, tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mo da mákúrì sílẹ̀, kò sí láàbù tó tún máa gbà mí láyé. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyí. Kí ni mo fẹ́ fi tọ́ ọmọ yìí?”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀gá ló ní kọ́kọ́rọ́ kejì ni? Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn!”

“Ta ló máa gba èmi gbọ́ ju ẹni tó kọ ìwé lọ?”

Inú bí mi. N kò ní fi bò: inú bí mi débi pé mo ka páálí kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò mọ iye tó jẹ́.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mo wà lẹ́nu géètì nígbà tí mọ́tò ọ̀gá dúró. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọwọ́ méjì ló kọ́kọ́ jáde, méjèèjì sì wà nínú ìbọ̀wọ́.

Ìbọ̀wọ́ o! Ìka-Wúrà! Láti inú mọ́tò! Awakọ̀ wò mí, èmi náà wo awakọ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ mà wọ ìbọ̀wọ́.”

“Olórí ló ń fi àpẹẹrẹ lélẹ̀, Bàbá Sítóò.”

“Níta gbangba níbí?”

“Ààbò ò mọ inú, kò mọ ìta.”

Mo wí fún ara mi pé ológbò tó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, kí eku má tíì yọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bá a wá, obìnrin ọlọ́yàyà kan tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé wọ́n máa fi òun joyè lọ́jọ́ náà, ló bá múra bí ẹni ń lọ gba ìyàwó ọmọ. Ó jókòó ní yàrá ìta, níwájú gíláàsì ńlá tí èèyàn fi ń rí yàrá inú.

Àwọn olùbẹ̀wò jẹ́ mẹ́rin. Olórí wọn ni obìnrin kúkurú kan tí ìwé pélébé kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo fi sọ ọ́ ní Màmá Oníwèé lọ́kàn mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́ rí kò mọ bí wọ́n ṣe ń wà nínú rẹ̀. Ìka-Wúrà fi ìbọ̀wọ́ ṣílẹ̀kùn. Ó fi nu òógùn iwájú. Ó kan ìgò, ó kan tábìlì, ó fi họ imú. Ó fi gba bírò lọ́wọ́ Màmá Oníwèé, ó fọwọ́ sí ìwé àlejò, ó dá bírò padà. Màmá Oníwèé wo bírò náà, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó mú òmíràn jáde, ó kọ nǹkan.

Nínú yàrá inú, a ti kó gbogbo ìbọ̀wọ́ tí a sá kúrò bí ọ̀gá ṣe pa á láṣẹ. Àmọ́ kò pàṣẹ okùn, àwa náà kò sì kọjá àṣẹ.

“Okùn wo nìyí?” ni Màmá Oníwèé bèèrè.

“Ẹ̀ṣọ́ ni.”

“Pẹ́ẹ̀gì ńkọ́?”

“Ẹ̀ṣọ́ náà ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Níwájú kọ́bọ́ọ̀dù ni Ìka-Wúrà ti yọ lẹ́tà jáde. Ó na àyà, ó kà á bí ẹni ń kéde oyè: “Nítorí àìbìkítà tó ga jù lọ! Nítorí gbígbé májèlé láìka ìlànà sí! Nítorí fífi ẹ̀mí ọmọlàkejì ṣeré! A lé ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti òní lọ!” Ó dárúkọ Ìyá Kòkòrò lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa bọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà dúró, ó fi ọwọ́ lé ikùn. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo di ìwé tí à ń kọ ìdọ̀tí eléwu sí mú.

“Mo ti gbọ́,” ni Màmá Oníwèé wí. “Ẹ jẹ́ ká jáde síta, ká jókòó sọ ọ́.”

Àwọn olùbẹ̀wò bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jù ú sínú ike ìdọ̀tí, wọ́n fọwọ́ ní síńkì, wọ́n jáde. Màmá Oníwèé ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Kòkòrò ló ń jáde kẹ́yìn nígbà gbogbo, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ku Ìka-Wúrà. Ó gbésẹ̀ bí ọba, ó fẹ́ kọjá.

“Ìbọ̀wọ́ yín, sà,” ni Màmá Oníwèé wí.

“Èmi? Èmi ni mo ṣe òfin yẹn!”

“Mo mọ̀. Àwòrán yín ló wà lókè rẹ̀.”

“Òtútù ń mú mi lọ́wọ́.”

“Òógùn ló ń kán lójú yín, sà.”

“Mo... mo gé ara mi lọ́bẹ nílé.”

“Ẹ ní egbò lọ́wọ́, ẹ wá síbi májèlé? Ìlànà kẹrìnlá nínú ìwé yín kọ̀ ọ́.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó. Ọkùnrin tí kò gbà kí ìbọ̀wọ́ kan òun lára láti ọdún mẹ́ta, òun nìkan ló wà nínú yàrá inú tí kò fẹ́ bọ́ ọ. Kò lè wọ̀ ọ́ jáde, òfin rẹ̀ kò gbà. Kò lè bọ́ ọ, ìtìjú rẹ̀ kò gbà. Àwọn olùbẹ̀wò mẹ́ta tò sí iwájú gíláàsì. Ìyàwó rẹ̀ dìde láti wo ohun tó dá ọkọ òun dúró.

Ó bọ́ ti ọwọ́ òsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fẹ́ fi ìyẹn kọjá.

“Ó ku ọ̀kan, sà.”

Ó bọ́ ọ. Òrùka náà ti funfun báláú. Wúrà tí nǹkan kì í jẹ ti dà bí ìdérí agolo tí òjò ti pa, ó sì ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Màmá Oníwèé wo òrùka, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo Ìyá Kòkòrò. Ìyàwó ọ̀gá ló sọ̀rọ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn, tìyanutìyanu.

“Háà, Dádì! Ṣé nǹkan tó ń dán tẹ́ ẹ fi ṣeré fáwọn àna wa lọ́jọ́ Sátidé ló sọ ọ́ dà báyìí? Òun lẹ ṣe ní kí n má fọwọ́ kan ọwọ́ yín?”

“Mámà, ẹ dákẹ́.”

“Nǹkan wo nìyẹn, Màmá?” ni Màmá Oníwèé bèèrè.

“Ìgò kékeré kan ni. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń yí gbirigbiri, gbogbo àna pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní kòkòrò òun ló bí i. Díẹ̀ bọ́ sórí rọ́ọ̀gì, a wá a títí. Èmi ni mo fi ìgbálẹ̀ gbá èyí tí mo rí.”

Ojú Màmá Oníwèé yí padà. “Ta ló ń jókòó lórí rọ́ọ̀gì yẹn?”

“Ọmọ-ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò.”

N kò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Kíá ni wọ́n tẹ ilé láago pé kí wọ́n gbé ọmọ náà jáde, kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ náà mọ́, torí ìgbálẹ̀ ló ń tú mákúrì ká. Kí ọkàn yín balẹ̀: wọ́n yẹ ọmọ náà wò lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ ìyá àgbà rẹ̀ kò mọ ìyẹn lọ́jọ́ náà. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, omijé dà lójú rẹ̀, ó ní, “Nítorí pé kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́?”

Ó yẹ kí Ìka-Wúrà dákẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùka ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dì í mú, ó fà á, òrùka náà kán sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ bí bisikíìtì. Ó na ègé méjèèjì sí Ìyá Kòkòrò.

“Jọ̀ọ́, bá mi fi sínú ìkòkò. Sè é dáadáa kí ewu rẹ̀ kú, kí n lè mú un lọ sílé.”

Bírò Màmá Oníwèé dúró lórí ìwé. “Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé ààbò yẹn?”

Màmá Oníwèé yíjú sí Ìyá Kòkòrò. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wọn.”

“Sà, ooru ń pa ohun tó bá lẹ́mìí. Mákúrì ò lẹ́mìí. Tá a bá sè é, oru ló máa dà, àwa tá a wà níbí la máa fà á símú.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ìka-Wúrà tẹ́tí sí i parí, torí kò rí ọ̀nà jáde.

Ìyá Kòkòrò wọ ìbọ̀wọ́ tuntun tí àwọn olùbẹ̀wò kó wá, ó fi ègé òrùka méjèèjì àti ìbọ̀wọ́ ọ̀gá sínú ìgò, ó dé e pinpin. Èmi ni mo ṣí ìwé ìdọ̀tí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Ewu. Mákúrì. Òrùka kan, ègé méjì.” Mo gbé e fún ọ̀gá kó fọwọ́ sí i, torí Ìlànà Kẹta ní kí ẹni tó bá ṣe ìdọ̀tí fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i. Ìgò náà lọ bá àwọn yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí wọ́n ti ń ba ẹwà yàrá jẹ́.

Lẹ́tà ṣì wà lórí tábìlì. Màmá Oníwèé mú un, ó tún un kà láti òkè dé ilẹ̀.

“Àìbìkítà tó ga jù lọ. Gbígbé májèlé láìka ìlànà sí. Fífi ẹ̀mí ọmọlàkejì ṣeré.” Ó mi orí. “Ẹ kọ ọ́ dáadáa, sà. Orúkọ nìkan lẹ ṣì.”

Ó fa ìlà sórí orúkọ Ìyá Kòkòrò níbi méjèèjì, ó kọ òmíràn sókè rẹ̀, ó ká lẹ́tà sínú ìwé rẹ̀. Ìyá Kòkòrò fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó mí kanlẹ̀. Ojú mi ń ta mí, mo ní èéfín ni.

Ìka-Wúrà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wó èjìká, ó dorí kodò, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn nígbà tí a gbọ́ ohùn pẹ̀lẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ ò tíì fọ ọwọ́ yín, sà.”

Ó dúró. Ó wo Ìyá Kòkòrò, ó wo Màmá Oníwèé, ó wo ìyàwó rẹ̀ àti àwọn tó tò sí iwájú gíláàsì. Kò sí ẹni tó kúrò lọ́nà fún un. Ló bá padà sí síńkì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀, mo sì na ọṣẹ sí i.